Ta ló ní àgbà kì í sùn?

Bí ọmọdé bá rí arúgbó tó jókòó síta láago mẹ́rin ìdájí, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ṣebí àgbà ni wọ́n, àgbà kì í sùn púpọ̀." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé irọ́ ni. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, oorun sì ń wù mí sùn bó ṣe ń wù mí nígbà tí mo wà lọ́mọge tí mò ń bá ìyá mi ru àdìrẹ lọ sí Ọjà Ọba. Bó ṣe ń wá ló yàtọ̀. Mi ò ní tíì kírun Ìṣáì tán tí á ti máa kùn mí, ìrun Àsùbáà ò sì ní tíì tó tí á ti lọ. Láàárín méjèèjì, ṣe ló ń já bí òwú tó ti gbó.

Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì wà ní àdúgbò wa ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo níbí, òun ló là mí lójú. Ó ní ẹni tó ti lé ní ọdún 65 ṣì nílò oorun wákàtí 7 sí 8. Oorun àsùnwọra, èyí tí wọ́n lè gbé ènìyàn lọ tí kò ní mọ̀, ló ń dín kù bí ọjọ́ orí ṣe ń ga. Èyí tó fúyẹ́ ló ń kù sílẹ̀, tí igbe ewúrẹ́ lásán lè dá. Ó ní nǹkan kan wà nínú ọpọlọ tó ń ka àkókò fún ara, tó ń sọ fún un pé ilẹ̀ ti ṣú, ilẹ̀ ti mọ́. Ti àwa àgbà ti sáré ṣíwájú ti àwọn ọmọ wa. Kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe ayé ló ń ṣe ni. (Èyí ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì, torí mo mọ àwọn tó ti ná owó ribiribi lórí òru wọn lọ́dọ̀ aláàfáà àti wòlíì.)

Nílé mi, mo ti mọ bí mo ṣe ń bá a gbé. Ọdún ló máa ń da gbogbo rẹ̀ rú. Iléyá tí mo lọ ṣe lọ́dọ̀ ọmọ mi l'Ékòó ni mo fẹ́ sọ.

Gáréèjì ti kún fọ́fọ́ kí n tó débẹ̀. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fún mi, wọ́n kó wa mẹ́rin mẹ́rin jókòó, àgbò ẹnì kan sì wà nínú búùtù tó ń ké mẹ̀ẹ̀ sí mi létí. Mi ò mumi láti òwúrọ̀, torí mi ò fẹ́ máa bẹ awakọ̀ kó dúró kí n tọ̀. Àwa obìnrin ẹ ṣáà mọ bó ṣe rí: ọkùnrin á bọ́ sílẹ̀, á kọjú sí igbó, ó tán, ìyá arúgbó tó wọ ìró àti jìlábábù ńkọ́? Nígbà tí a fi máa dé Ìkirè, tí àwọn ọmọ ń na dòdò wọlé láti ojú fèrèsé, orúnkún mi ti gan. A kọjá odò Aṣẹ́jire, a kọjá Ìbàdàn, a wá bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní títì márosẹ̀. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní Bẹ́gà, bàtà tí mo wọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ láàárọ̀ kò gba ẹsẹ̀ mi mọ́. Okùn rẹ̀ ti wọ inú ẹran. Mo tẹ kókósẹ̀ wò, ibi tí ìka mi wọlé sí kò tètè kún padà.

Ojú ẹsẹ̀ wíwú ni mo fi wò ó. Òru ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ni. Omi tó bá wálẹ̀ sí ẹsẹ̀ nígbà tí ènìyàn jókòó pẹ́, bó bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń padà sí, kíndìnrín á sì sọ ọ́ di ìtọ̀. Èmi tí mi ò mumi ni mo ń dìde lóòrèkóòrè, ní ilé àjèjì, tí mò ń táràrà wá ibi tí wọ́n ti ń tan iná. Bí mo bá sì padà dùbúlẹ̀, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń bú. Ní pálọ̀, àwọn ọmọ-ọmọ mi ń wo tẹlifíṣọ̀n di ọ̀gànjọ́, torí wọ́n ti gba ọlidé. Ọmọ mi jáde síta láti pa iná, ó bá mi lórí àga.

"Màmá, ẹ ò tíì sùn ni?"

"Mo ti sùn, mo ti jí, mo tún ti sùn."

Ó rò pé mò ń ṣeré ni.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ tó wà níbẹ̀ ló kà á fún mi lórí fóònù lọ́jọ́ kejì pé àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde ní 2016: lóru àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá sùn síbi tí kò mọ̀, apá kan ọpọlọ kì í sùn wọra bí èkejì, ṣe ló ń ṣọ́nà. Ó wú mi lórí. Ara ẹ̀dá gan-an mọ̀ pé òun ò sí nílé.

Obìnrin yìí kan náà ló fẹ́ fún mi ní oògùn oorun tí òun ń rà ní kẹ́míìsì. Mo kọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan lo irú rẹ̀, ó dìde lóru láti lọ tọ̀, òòyì gbé e, egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Títí di òní, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ẹ má gba oògùn oorun lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe dókítà, ìyẹn ò ní àwàdà nínú.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ kì í ṣe nǹkan ńlá. Dókítà ló ní kí n máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi láàárọ̀ dípò alẹ́, torí pé irú rẹ̀ tó ń mú ni tọ̀ ni. Lọ́sàn-án, mo ń gbé ẹsẹ̀ lé tìmùtìmù fún ìgbà díẹ̀, kí omi inú rẹ̀ lè ti bá ìtọ̀ lọ kí alẹ́ tó lẹ́. Bí ìyàwó ọmọ mi bá po tíì lẹ́yìn ìrun Àsírì, mo ń dúpẹ́, mi ò ní mu ún. Kaféènì inú rẹ̀ kì í tètè kúrò lára arúgbó. Obì náà ní in nínú o, ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ obì lálẹ́ tí ẹ tún ń bínú sí òru.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, alẹ́ Olójúmẹ́rìndínlógún nígbà ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo lóṣù August, tí wọ́n bá tan àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún ní ààfin, kò sẹ́ni tó lè mú mi sùn. Mùsùlùmí ni wá, ṣùgbọ́n ọdún ìlú ni, ìlù ò sì mọ ilé ta ni òun ń wọ̀. Àtùpà yẹn á jó di àárọ̀, èmi náà á dúró di àárọ̀, màá sì lọ pàtẹ àdìrẹ lójú ọjọ́. Lónìí, bí mo bá fi alẹ́ kan ṣòfò, ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń wá a.

Ni mo bá sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n máa bọ̀ nílé. Ọkọ̀ ojú irin ọ̀fẹ́ wà nígbà náà tí ìjọba Ọ̀ṣun ń ṣètò láti Èkó wá sí Òṣogbo nígbà ọdún, láti ayé gómìnà Arẹ́gbẹ́ṣọlá. Kì í yára, ṣùgbọ́n ènìyàn lè dìde na ẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n dé tayọ̀tayọ̀, mo tẹ́ ẹní fún wọn ní pálọ̀. Láago mẹ́rin ìdájí, mo ti jí, mo ti ṣe àlùwàlá, mo tan rédíò, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀. Ọmọ mi yọ orí síta, ojú rẹ̀ pọ́n kankan.

"Màmá, ẹ dákun, a ò rí oorun sùn láti àná. Adìẹ yín, mọ́ṣáláṣí, ìgbálẹ̀…"

Mo ní kó padà lọ dùbúlẹ̀, òru àkọ́kọ́ ni.