Akẹtẹ̀ ni Sethe rí, kò rí ojú

Òkun o, gbogbo ilé. Ẹni tó bá ti rí ìyá tó ń rí ewu níbi tí ewu ò sí, ìbáà jẹ́ nínú ìwé tàbí nínú ilé, kó wá sọ tiẹ̀. Èmi á bẹ̀rẹ̀ láti Ìsánlú.

Mò ń ka Beloved, ìwé ìtàn àròsọ tí Toni Morrison kọ lọ́dún 1987, mo sì ń sọ ọ́ fún màmá mi bí mo ṣe ń kà á. Sethe sá kúrò lóko ẹrú ní Kentucky, ó bá àwọn ọmọ rẹ̀ ní Ohio. Ọjọ́ 28 péré ló fi jayé òmìnira. Bó ṣe rí akẹtẹ̀ ọkùnrin tó ń darí oko náà, ó kó àwọn ọmọ wọ ilé igi ẹ̀yìnkùlé, ó fi ayùn rẹ́ ọ̀kan lọ́rùn kí wọ́n má baà dá a padà sóko ẹrú. Màmá ń bó ẹ̀gẹ́ lọ ní tiwọn.

Nígbà tó di bí ọdún 18 lẹ́yìn náà, bàbá òyìnbó kan tó ti ń ràn wọ́n lọ́wọ́ wá mú ọmọbìnrin tó kù lọ síbi iṣẹ́. Sethe fa irin tí wọ́n fi ń gún yìnyín yọ sí i. Ọ̀bẹ màmá dúró.

"Ṣé òun náà dé akẹtẹ̀ ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, dúdú, etí rẹ̀ fẹ̀.

"Ẹn-ẹ́n. Kò rí ojú ẹ̀ nìyẹn."

Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti dá mọ́tò tí màmá wọ̀ dúró lọ́nà Kàbà, ọ̀kadà kì í kọjá lálẹ́ kí màmá má pa iná. Àbúrò mi gbé iṣu wá lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ń pariwo orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Màmá ti ti àwọn ọmọ-ọmọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbá ọmọ odó mú lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa o.

Ará Ìyàrá: Ìyá wa àgbà ò bá ogun Tápà láyé, ìtàn bí wọ́n ṣe sá gun òkè ni wọ́n gbọ́. Síbẹ̀, bí ọmọ bá ń ké lóru, àtẹ́lẹwọ́ wọn ti bo ẹnu rẹ̀.

Olùkọ́ Kàbà: Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi gba ti Paul D, ọkùnrin tí òun àti Sethe jọ ṣẹrú lóko kan náà, tó ní ẹsẹ̀ méjì ni Sethe ní, kì í ṣe mẹ́rin bíi ti ẹranko. Èmi ò gbà. Ẹni tí kò bímọ ló ń sọ̀rọ̀. Ó kúkú ṣẹlẹ̀ rí: Margaret Garner, ẹrú tó sá, pa ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 1856. Iṣẹ́ ọwọ́ Morrison ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò. Kò jẹ́ kí Sethe rò ju "rárá" lọ lọ́jọ́ ayùn. Ẹyẹ kéékèèké ló ń sọ ẹnu wọ inú gèlè rẹ̀, tí wọ́n ń gbọn apá. Lọ́jọ́ akẹtẹ̀ kejì, àwọn ẹyẹ yẹn náà tún dé. Òǹkọ̀wé tí ò mọṣẹ́ ì bá ti fi ojú ewé méjì ṣàlàyé. Wọ́n ṣì ń bá mi jà lórí Paul D ṣá.