“Ìsọ̀kalẹ̀” kì í ṣe ìdóòlà: èsì lórí orúkọ ètò ààbò àwọn anufèrèsé

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Mo fẹ́ fèsì sí ìwé ìlànà ààbò fún àwọn tó ń nu fèrèsé ilé gíga láti ìta, èyí tí ẹ̀gbọ́n wa túmọ̀ tí wọ́n sì fi ṣọwọ́ sí wa. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, ọ̀pọ̀ nínú ojú ewé rẹ̀ ló sì dán mọ́rán. Àmọ́ wọ́n pe ètò tí a ń ṣe sílẹ̀ de òṣìṣẹ́ tó bá há sókè ní “ètò ìsọ̀kalẹ̀”, wọ́n sì fi kún un pé ẹni tí kò bá gbà á kò gbọ́ Yorùbá àwọn àgbà. Èmi kò gbà á, mo sì gbọ́ Yorùbá àwọn àgbà.

Ẹ̀rí tí wọ́n mú wá ni pé bí ẹni tó ru ẹrù bá ń wá olùrànlọ́wọ́, “ẹ sọ̀ mí” ni àwọn ìyá wa máa ń wí, nítorí náà sọ̀ ń bá ìrànlọ́wọ́ rìn. Òótọ́ ni pé wọ́n ń wí bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi pé ẹnìkan ṣì rántí. Ṣùgbọ́n nínú gbólóhùn yẹn, ẹrù ló ń wálẹ̀. Ẹni tó rù ú dúró síbi tó wà. Bí a bá wá fi kalẹ̀ kún un, tí a fi ì- sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, ìtumọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ ni pé ènìyàn fúnra rẹ̀ wálẹ̀ láti òkè. Ẹ pe “ìsọ̀kalẹ̀ òṣìṣẹ́” sókè kí ẹ tẹ́tí sí i: ṣé òṣìṣẹ́ ló ń sọ̀ kalẹ̀, àbí òun ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀? Nínú odindi gbólóhùn, ohùn á yà wọ́n sọ́tọ̀. “Òṣìṣẹ́ sọ̀ kalẹ̀” gba ohùn ìsàlẹ̀, “wọ́n sọ òṣìṣẹ́ kalẹ̀” gba ohùn àárín, nítorí pé ọ̀rọ̀-orúkọ tó jẹ́ àbọ̀, ìyẹn ẹni tí wọ́n ṣe nǹkan náà sí, ló tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe náà. Nínú ìsọ̀kalẹ̀, àbọ̀ ti kúrò láàárín, ohùn ìsàlẹ̀ ti padà sí àyè rẹ̀, ìyàtọ̀ sì ti parẹ́. Ohùn kan ṣoṣo yìí ni ìjà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àríyànjiyàn àwọn onígírámà lásán ni. Ìsọ̀kalẹ̀ ni iṣẹ́ òòjọ́ anufèrèsé tó ń fi okùn ṣiṣẹ́. Yóò so okùn méjì mọ́ orí òrùlé, ọ̀kan fún iṣẹ́, ìkejì fún ààbò, yóò sì máa dẹ irin tó ń dá okùn dúró díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ti fèrèsé kan dé èkejì. Òfin OSHA, àjọ tó ń rí sí ààbò àwọn òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, kò gba irú ìsọ̀kalẹ̀ olókùn bẹ́ẹ̀ láyè kọjá 300 ẹsẹ̀ bàtà, ìyẹn nǹkan bíi mítà 91, àyàfi bí agbanisíṣẹ́ bá lè fi hàn pé ọ̀nà mìíràn kò ṣeé ṣe tàbí pé ewu tirẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lábẹ́ òfin kan náà, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti pèsè bí wọn yóò ṣe tètè dóòlà òṣìṣẹ́ tó bá jábọ́. Ohun méjì ni òfin náà yà sọ́tọ̀, ẹ̀gbọ́n wa sì fi orúkọ kan pe méjèèjì.

Ilẹ̀ tó wà nínú kalẹ̀ tún ń dà mí láàmú. Ta ló sọ pé ilẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ máa gbé ẹni tó há sókè lọ? Ní ọjọ́ 12 Oṣù Kọkànlá 2014, pèpéle tí àwọn anufèrèsé méjì wà lórí rẹ̀ dagun lára One World Trade Center ní New York, nítòsí àjà 69, nígbà tí okùn irin rẹ̀ kan dẹ̀. Inú ilé ni àwọn panápaná gbà dé ọ̀dọ̀ wọn: wọ́n gé gíláàsì fèrèsé, wọ́n sì fà wọ́n wọlé. Níbòmíràn, òkè ni wọ́n máa ń fa ẹni náà lọ, nítorí pé òrùlé sún mọ́ ọn ju ilẹ̀ lọ. Orúkọ tó bá ti kọjú sí ọ̀nà kan ṣoṣo lè ti èrò ẹni tó ń ṣètò sí ọ̀nà yẹn nìkan.

Àkókò kò sì sí láti máa wá ìtumọ̀ nígbà tí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀. Okùn ààbò lè gba òṣìṣẹ́ mú kó má kú, kó wá máa fì dirodiro síbẹ̀ láìlè mira. Okùn ìdè tó fi di ara rẹ̀ mọ́ okùn ààbò a máa fún un nítan, ẹ̀jẹ̀ a máa kó jọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, òòyì a sì máa kọ́ ọ títí yóò fi dákú. OSHA kìlọ̀ pé irú ìsorọ̀ bẹ́ẹ̀ lè yọrí sí ikú kí ìṣẹ́jú 30 tó pé. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń so okùn pẹlẹbẹ mọ́ ìdè wọn, èyí tí òṣìṣẹ́ lè tú kó sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ bí ìgbà tó dìde dúró, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa lọ kó máa bọ̀. Ẹni tó bá kọ “a ó pe panápaná” sínú ìwé, tó sì fi mọ síbẹ̀, kò tíì ṣètò ohunkóhun. Ta ló wà lórí òrùlé? Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn òrùlé wà? Okùn wo ni wọ́n ti so sílẹ̀ de ìdóòlà, ta ló sì ti fi í dánra wò? Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Àgbọ́tẹ́lẹ̀ yìí gan-an ni òfin iṣẹ́ ibi gíga ti Bìrìtéènì, ti ọdún 2005, béèrè nígbà tó ní kí ètò iṣẹ́ kó pàjáwìrì àti ìdóòlà mọ́ra.

Ìdóòlà ni mo dúró lé. Gbogbo ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ló mọ “dóòlà ẹ̀mí”, kò sí òkè tàbí ilẹ̀ nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè dóòlà kí ó má jẹ́ pé ewu wà. Ìgbàlà ìbá ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn onígbàgbọ́ ti gba ọ̀rọ̀ náà tọwọ́ tẹsẹ̀. “Ètò pàjáwìrì” tí àbúrò wa kan dábàá fẹ̀ jù, iná àti ìjì wà nínú rẹ̀. Ní ti ẹni tó ní ìdóòlà jọ dọ́là létí, kí ó tún un pè dáadáa.

Arábìnrin wa tó fẹ́ kí a máa pe ìdè ara náà ní igbà mú inú mi dùn, nítorí pé igbà ni àwọn baba wa fi gun ọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n igbà, tí ẹ̀gbọ́n wa fi ohùn ìsàlẹ̀ méjì kọ jálẹ̀ ìwé wọn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àkókò, ìbàdí ló ń yí ká. Àléébù kan náà ló wà lára “bẹ́líìtì”. Láti ọjọ́ 1 Oṣù Kìn-ín-ní 1998 ni OSHA ti fòfin de bẹ́líìtì ìbàdí fún gbígba ẹni tó ń jábọ́ mú, nítorí pé ó lè pa á lára níkùn àti lẹ́yìn. Èyí tó gba èjìká, àyà àti itan méjèèjì ni wọ́n ń lò. Háánẹ́ẹ̀sì ni èmi yóò máa kọ títí ẹnìkan yóò fi mú èyí tó sàn jù wá, arábìnrin wa sì lè bá mi jà lórí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa ní ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ti ń kọ́ni ní èdè yìí, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Kí wọ́n wá bá mi dáhùn ìbéèrè yìí: bí ẹni tó wà lórí òrùlé bá gbọ́ “ìsọ̀kalẹ̀!” lórí rédíò, ṣé kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ni, àbí kó sáré dìde? Bí ìdáhùn bá gba àlàyé, ẹ yí orúkọ náà padà kí ìwé náà tó dé ọwọ́ òṣìṣẹ́.