Bílẹ́ńdà tó ń kùn tí kò yí: ẹ kọ́kọ́ yẹ ife rẹ̀ wò

Bí bílẹ́ńdà bá ń kùn tí abẹ rẹ̀ kò sì yí, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì dá ẹ́ńjìnnì lẹ́bi. Ohun tó ṣe tiwa nìyẹn, òórùn rọ́bà tó ń jó sì ń jáde lára rẹ̀, débi pé ẹni tí a gbé e lọ bá sọ pé ẹ́ńjìnnì ti jóná, kí á ra òmíràn. Mo gbé e padà sílé, mo yọ ife kúrò lórí rẹ̀, mo tan ẹ́ńjìnnì nìkan fún ìgbà díẹ̀, ó sì ń yí geere. Lẹ́yìn tí mo yọ ọ́ kúrò lára iná, mo dojú ife dé, mo fi ọwọ́ yí irin ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó le gbagidi.

Nígbà tí mo tú u, rọ́bà róbótó tó yẹ kó dí ẹsẹ̀ abẹ ti ya, omi ti gba ibẹ̀ wọ inú bíárìn (irin tí ẹsẹ̀ abẹ ń yí nínú rẹ̀), ìpẹtà pupa sì ti mú irin náà mọ́lẹ̀. Omi tó máa ń tò sábẹ́ ẹ̀rọ náà ṣáájú ìgbà yẹn ni àmì àkọ́kọ́. Bí ẹ́ńjìnnì sì ṣe ń fipá yí ohun tó ti há, rọ́bà eléyín tó so ó mọ́ ife ló jìyà rẹ̀: gbogbo eyín rẹ̀ ti jẹ tán, òun gan-an ló ń rùn. Mo pààrọ̀ abẹ pẹ̀lú bíárìn rẹ̀ àti rọ́bà méjèèjì.

Ẹni tó bá fẹ́ tú rọ́bà eléyín tó wà lórí ẹ́ńjìnnì, kí ó mọ̀ pé nínú ọ̀pọ̀ bílẹ́ńdà, ọ̀tún ni a ń yí i sí kí ó tó tú, òdìkejì bí a ti ń tú síkúrù. Ẹni tó bá ń fagbára yí i sí òsì, ńṣe ló ń fún un pọ̀ sí i.

Èyí tí kò bá tan rárá, ó lè jẹ́ pé ife rẹ̀ kò jókòó dáadáa, tàbí kó jẹ́ pé ó gbóná jù tó fi pa ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù fún bíi 30 ìṣẹ́jú. Bí iná bá ń ṣẹ́ yẹ́ríyẹ́rí nínú ẹ́ńjìnnì, ẹ pa á kíákíá, ó ṣeé ṣe kí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ (èédú kékeré tó ń gbé iná wọ ibi tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì) ti jẹ tán.

Ní tèmi, mi ò dúró kí rọ́bà róbótó ya mọ́. Bó bá ti ń le tàbí tó fẹ̀ pẹlẹbẹ, mo ti pààrọ̀ rẹ̀, mi ò sì ń fi ife sílẹ̀ nínú omi di ọjọ́ kejì.