Bí A Ṣe Rí Ìyá Ńlá Àwọn Ọkọ Mi Nínú Ìwé Kóòtù Virginia

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará mi. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni mo fẹ́, Virginia la sì ń gbé. Lọ́jọ́ kan tí mo ń ki ọmọ wa ní "Ìyèrú Ọ̀kín, ọmọ Ọlọ́fà mọjọ̀", bàbá ọkọ mi wò mí títí, wọ́n ní, "Àwa ńkọ́? Kí ni wọ́n ń ki àwa?" Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn.

Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ìwé ìkànìyàn 1870 ni ọ̀pọ̀ èèyàn dúdú ti ń kọ́kọ́ rí orúkọ baba wọn. Nínú ìwé ẹrú ti 1850 àti 1860, ọjọ́ orí, àwọ̀, akọ tàbí abo nìkan ni wọ́n kọ sábẹ́ orúkọ olówó wọn. Ibẹ̀ ni mo rò pé a máa há sí. Àfi bí a ṣe rí ìdílé ìyá bàbá nínú ìkànìyàn 1850 ti àwọn tó lómìnira, torúkọ-torúkọ, tọmọ-tọmọ. A jẹ́ pé wọn kì í ṣe ẹrú!

Òfin Virginia ti 1662 ló là wá lójú: ipò ìyá lọmọ ń jẹ. Ìyá tó bá jẹ́ ẹrú, ẹrú lọmọ; bí ìyá bá lómìnira, ọmọ bọ́ nìyẹn. La bá ń tọ àwọn ìyá lẹ́yìn nínú ìwé kóòtù tó wà lórí microfilm, ìyẹn fọ́tò kékeré ìwé àtijọ́ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ wò, odindi oṣù 14. Àwọn akọ̀wé ìgbà náà ń kọ "s" bí ẹni kọ "f", ojú á máa ro èèyàn. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan la kàn án: obìnrin òyìnbó kan, ìwọ̀fà láti England, tó bímọ fún ọkùnrin dúdú. Kóòtù ní tó bá sin ìwọ̀fà rẹ̀ tán, kí wọ́n tà á fún ọdún 5. Ọmọ ọwọ́ rẹ̀, wọ́n fà á lé àwọn alàgbà ìjọ lọ́wọ́, kó máa sìnrú títí yóò fi pé ọmọ ọdún 30. Bí òfin 1691 ṣe wí nìyẹn.

Bàbá fi ìka lé orúkọ obìnrin náà lójú ẹ̀rọ, wọn ò tètè gbé e kúrò. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ọkùnrin yẹn ńkọ́?" Akọ̀wé ò kọ orúkọ rẹ̀. Èèyàn dúdú kan, ohun tó kọ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dùn mí dé egungun. Ó ṣeé ṣe kí ìyá kan ti ki òun náà rí.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ńlá. Massachusetts lèmi wà. Ìyá ìyàwó mi, òyìnbó ni wọ́n, gbà pé inú Mayflower, ọkọ̀ òkun tó kó àwọn òyìnbó England wá tẹ̀dó sí Massachusetts, ni baba ńlá àwọn bá wá ní 1620, torí pé orúkọ ìdílé wọn bá ti ọ̀kan nínú èrò 102 yẹn mu. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti rí i. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, ọmọ tí wọ́n so wọ́n mọ́ ti kú ní ọmọ ọdún 3! Ìwé ikú òbí wọn la wá fi bẹ̀rẹ̀, a ń fi ẹ̀rí so ìran kan mọ́ èkejì, ló bá já sí ọmọ ogun Scotland kan tí àwọn ará England mú lójú ogun Dunbar ní 1650, tí wọ́n sì tà sí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin ní Saugus, ní Massachusetts níhìn-ín. Màmá sunkún. Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọwọ́ yẹn ńkọ́, ṣé ó pé ọdún 30?

* * *

Ó pé e, àbúrò mi. Ọ̀gá rẹ̀ ò fẹ́ tú u sílẹ̀, ló bá gba kóòtù lọ. Ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n dá a láre.