Land Rover bàbá mi tó dípẹtà: èsì ìmọ̀ràn yín

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo béèrè níbí bí mo ṣe lè tú Land Rover Series III bàbá mi, tó ti dípẹtà nínú ọgbà wa ní Kàdúná.

Ti àwọn bóòtì (ìdè onírin) tó ti lẹ̀ pinpin: acetone àti òróró gíà ọtomátíìkì, ìdajì sí ìdajì, ló ṣiṣẹ́ jù. Mo fi rin wọ́n, mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, mo tún rin wọ́n. Ọ̀pọ̀ ló tú. Àwọn tó di súpíríǹgì ẹ̀yìn mú kò gbọ́ rárá; wẹ́dà kan ní ọjà Panteka ní Kàdúná ló fi iná gáàsì gé wọn. A ti yọ táǹkì epo kúrò kí ó tó tanná o, acetone náà sì jìnnà síbẹ̀.

Mo ki àwọn irin kéékèèké bọ omi sódà ìfọṣọ nínú ike, mo fi ṣájà bátìrì rán iná gba inú rẹ̀, ó sì fọ̀ wọ́n mọ́ dáadáa. Wáyà nẹ́gátíìfù ni ẹ fi sára èyí tó dípẹtà. Irin ńlá kò wọnú ike mi, búrọ́ọ̀ṣì onírin ni mo fi ha wọ́n. Ẹ má ki alumíníọ̀mù bọ omi yẹn, ó ń jẹ ẹ́. Alumíníọ̀mù sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú páànù ìta ọkọ̀ yìí.

Ó ku ibi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń tẹ̀. Irin ni, ibi tó ti kan alumíníọ̀mù ló jẹrà jù. Mo máa fi rọ́bà sáàárín wọn kí n tó dì í padà. Ẹ́ńjìnì, n kò tíì fọwọ́ kàn án.