Fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì àti gíláàsì lúfà jọ fọ́ sí pálọ̀: báwo la ṣe ń kó o?

Ìyá Ìbejì, Ògólóńtò:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ìjì òjò alẹ́ àná fọ́ gíláàsì lúfà méjì ní pálọ̀ wa níbí ní Ìkòròdú, ó sì já iná fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì gígùn bọ́ láti òkè. Gbogbo ẹ̀ ti dàpọ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì àti táìsì. Ọmọ tó ń rákò wà nílé. Mo ti ti ilẹ̀kùn, mi ò tíì gbálẹ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Ṣé mo lè rọ gbogbo ẹ̀ sínú ọ̀rá kan fún àwọn PSP tó ń kó ìdọ̀tí?

Oníná Ṣábó:
Ẹ ṣeun gan-an tí ẹ ò tíì gbálẹ̀, nítorí fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì kì í ṣe ohun tí à ń fi ìgbálẹ̀ kó. Mákúrì, irin olómi tó jẹ́ májèlé, wà nínú ẹ̀. Kò pọ̀, mílígíráàmù mélòó kan ni, ṣùgbọ́n kò nílò iná kó tó di oru, oru yẹn lèèyàn sì ń fà símú. Tí ìgbálẹ̀ bá kàn án, lẹ́búlẹ́bú funfun inú ẹ̀ á fọ́n ká gbogbo yàrá. Ẹ̀rọ tó ń fa eruku tilẹ̀ burú ju ìgbálẹ̀ lọ.

Ẹ pa fáànù, ẹ ṣí fèrèsé tó kọjú síta, kí gbogbo èèyàn jáde fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Tí ẹ bá padà wọlé, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ẹ fi páálí líle kan ti àfọ́kù iná yẹn sórí èkejì. Èyí tó kù wẹ́wẹ́, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ kúrò nílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fi bébà tútù nu táìsì. Àfọ́kù, páálí, téèpù, bébà, gbogbo ẹ̀ ni kí ẹ kó sínú ìgò onídérí. Tí kò bá sí ìgò, ẹ di í ní ọ̀rá méjì, ẹ gbé e síta. Ẹ jẹ́ kí fèrèsé wà ní ṣíṣí fún wákàtí púpọ̀ sí i.

Kápẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ẹ má gbọ̀n ọ́n nínú ilé. Nítorí ọmọ tó ń rákò, èmi á ní kí ẹ gé ibi tí iná já lé yẹn kúrò. Owó kápẹ́ẹ̀tì dun èèyàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n imú ọmọ sún mọ́ ilẹ̀ ju tiwa lọ. Gílóòbù energy saver náà ní mákúrì. LED kò ní.

Oníwíńdò Ìgbógbó:
Ó di orí gíláàsì lúfà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó àfọ́kù iná yẹn tán. Ẹ wọ bàtà tó ní ìsàlẹ̀ líle. Sílípáàsì fóòmù, gíláàsì á gún un já. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ tó nípọn ṣa àwọn ńlá, ẹ tò wọ́n ní ìbú sínú páálí. Gíláàsì máa ń ta jìnnà, nítorí náà etí ògiri ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá wá sí àárín, kí ẹ sì sún àga. Ìgbálẹ̀ ọwọ̀ tó ti gbó ni kí ẹ lò, kí ẹ sì jù ú nù, torí ẹ̀rún gíláàsì máa ń há sáàárín ọwọ̀, òun náà lẹ óò sì fi gbá yàrá ọmọ lọ́la.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa iná, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì lélẹ̀ gbalaja kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa gba orí táìsì lọ. Ohun tó bá ń dán, ẹ fi bébà ìròyìn tí ẹ rẹ sómi tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi ọwọ́ nù ún.

Ẹ má rọ gíláàsì lúfà sínú ọ̀rá. Ẹni tó ń gbé ọ̀rá ju sọ́kọ̀ PSP, itan rẹ̀ ló máa ń kàn. Ike ọ̀dà onídérí ló dára: ẹ fi téèpù lẹ ìdérí pa, ẹ kọ ÀFỌ́KÙ DÍGÍ gàdàgbà sí i lára. Kí ẹnikẹ́ni má dà á sí gọ́tà o. Òjò á wọ́ ọ lọ sínú ọ̀sà, àwọn apẹja tó ń wọ omi ní Ẹ̀búté kì í wọ bàtà.

Ìyá Ìbejì, Ògólóńtò:
Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún yín. Bátìrì ínfátà kan tún ń jo lẹ́yìn ilé, irú èyí tí wọ́n ń bu omi sí. Ṣé kí n da Hypo sí ibẹ̀?

Abátìrì Òdogùnyàn:
Ẹ má dán an wò! Ásíìdì àti Hypo tí wọ́n bá pàdé, gáàsì kùlóríìnì ni wọ́n ń tú jáde, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kán-ún ni kí ẹ lọ̀. Ẹ bo ojú yín, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ máa bù ú wọ́n orí ásíìdì náà díẹ̀díẹ̀. Á máa hó. Ìgbà tí ẹ bá fi kún un tí kò hó mọ́ lásìídì tó tán, nígbà náà ni kí ẹ da omi lé e. Tó bá ta sí yín lára, omi tó ń ṣàn ni fún 20 ìṣẹ́jú, kì í ṣe kán-ún, kì í ṣe epo. Ẹ gbé bátìrì náà dúró ṣánṣán sínú ike fún ẹni tó ń ra ògbólógbòó bátìrì, ṣùgbọ́n kó má da omi inú ẹ̀ sílẹ̀ nínú ọgbà yín, torí òjé wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀dẹ̀:
Tí gíláàsì bá gé èèyàn, ẹ fi omi ṣàn án, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 láìṣí i wò. Èyí tó bá wọlé jìn, ẹ má fà á yọ nílé. Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Tí ọmọ bá sì gbé ásíìdì tàbí kẹrosíìnì mu, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì fipá mú un bì: ohun tó bá bì lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ọsibítù ni kíá, kí ẹ mú ìgò ohun tó mu dání.