Àbọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi: a ti mọ ohun tó ń ṣe é

Ẹ̀yin tí ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 6 tí kì í gbọ́ràn dáadáa mọ́, tó ń ríran bàìbàì, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè de bọ́tìnnì aṣọ iléèwé mọ́, àbọ̀ rèé. Àìsàn Brown-Vialetto-Van Laere ni, àìsàn àjogúnbá tó máa ń ba àwọn iṣan tó ń bá ọpọlọ ṣiṣẹ́ jẹ́; jíìnì SLC52A2, tó yẹ kó máa jẹ́ kí fítámínì B2 wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ló ní àbùkù. Oṣù 7 gbáko ni wọ́n fi ń wo etí nìkan, bẹ́ẹ̀ etí inú ń dáhùn sí ìró, iṣan tó ń gbé ìró náà lọ sí ọpọlọ ni kò ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló sì yẹ kí wọ́n ti fura. Ọ̀dọ̀ ìyá àti bàbá ló ti jogún rẹ̀, bí AS méjì ṣe ń bí SS, láìjẹ́ pé ohunkóhun ń ṣe àwọn méjèèjì. (Ẹ̀yin tí ẹ ní iṣẹ́ ayé ni, ẹ ṣeun.) Dókítà tuntun kò dúró de èsì àyẹ̀wò jíìnì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí fún un ní B2 púpọ̀, ìtọ̀ rẹ̀ sì ń pọ́n bí ìyeyè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó de bọ́tìnnì méjì fúnra rẹ̀. Mo pa ọ̀rọ̀ náà dé síbí.